Ìrànwọ́ Tí Ó Ní Ètò: Ẹ̀kọ́ Nípa Àwọn Tí Ogun Lé Kúrò Nílé

Ibi kíkà: Léfítíkù 19:33-34, 2 Àwọn Ọba 6:8-24, Ìṣe Àwọn Àpósítélì 6:1-7 àti 11:27-30



Ní ìparí sáà ẹ̀kọ́ yìí, ìdàpọ̀ wa ti pinnu láti kó ẹ̀bùn lọ fún àwọn ogunléndé tí ó wà ní àyíká Yola níbí. Nígbà tí a ń jíròrò rẹ̀ níbi ẹ̀kọ́ Bíbélì, ìbéèrè méjì ni ó jáde. Àkọ́kọ́ ni pé, kí ni kí a kó lọ? Èkejì wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ. Arákùnrin kan tí wọ́n dáná sun ilé baba rẹ̀ béèrè bóyá a ó fún àwọn Mùsùlùmí nínú ẹ̀bùn náà, nígbà tí ó jẹ́ pé àwọn tí ó ń pe ara wọn ní Mùsùlùmí ni ó lé òun àti ìyá rẹ̀ jáde. Kò sí ẹni tí ó bá a wí, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni bá a wí. Ẹni tí ó wọ bàtà ni ó mọ ibi tí ó ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà ń fẹ́ ìdáhùn láti inú Ìwé Mímọ́, ìdí nìyí tí mo fi kọ ẹ̀kọ́ yìí.

Ohun tí mo fẹ́ kí a dì mú ni pé ìfẹ́ tí kò ní ètò kì í pẹ́ dé ọwọ́ alágbára, ṣùgbọ́n ó máa ń ṣòro kí ó tó dé ọwọ́ aláìlágbára. Bí a bá kàn já ẹrù sílẹ̀ láàrin àgọ́, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó lè sáré ni yóò kọ́kọ́ gbà. Opó tí ó ń tọ́jú ọmọ àìsàn, arúgbó tí kò lè dìde, àti afọ́jú yóò gbọ́ pé ẹ̀bùn dé lẹ́yìn tí ó bá ti tán.

1. ÀWỌN WO NI OGUNLÉNDÉ?

Bí ogun bá lé ènìyàn tí ó sì sọdá ààlà orílẹ̀-èdè rẹ̀, àdéhùn àgbáyé ti ọdún 1951 ni ó ń dáàbò bò ó ní ilẹ̀ àjèjì. Bí ó bá ṣì wà nínú orílẹ̀-èdè rẹ̀, ìjọba tirẹ̀ gan-an ni ojúṣe wà lọ́rùn rẹ̀. Nítorí irú àwọn wọ̀nyí ni àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà fi ṣe àdéhùn ní Kampala ní ọdún 2009. Àdéhùn náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kejìlá ọdún 2012, Nàìjíríà sì wà lára àwọn tí ó gbà á wọlé.

Níhìn-ín, ààlà kò jìnnà sí wa. Láti ọdún 2009 ni ogun Boko Haram ti bẹ̀rẹ̀ ní Maiduguri. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2013, ìjọba àpapọ̀ kéde ìlú-kò-fararọ ní Borno, Yobe àti Adamawa. Ní oṣù Keje ọdún náà ni wọ́n ṣí àgọ́ Minawao ní òdìkejì ààlà, ní Kamẹrúùnù, fún àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ó ti sá lọ síbẹ̀. Nígbà tí ó di oṣù Kẹjọ ọdún 2014, Gwoza bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọlọ́tẹ̀. Madagali tẹ̀ lé e, Michika tẹ̀ lé e, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá, Mubi pẹ̀lú ṣubú. Olú ilé iṣẹ́ ìjọ EYN, ìjọ tí a dá sílẹ̀ ní Garkida ní ọdún 1923, wà ní Kwarhi nítòsí Mubi. Wọ́n kó o pẹ̀lú, àwọn aṣáájú rẹ̀ sì sá lọ sí Jos.

Agùnbánirọ̀ ni mo jẹ́ ní Yola ní ọdún náà. Mo bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn láti Mubi gba orí òkè wọ Kamẹrúùnù, tí wọ́n sì gba ibòmíràn yí padà wọ Nàìjíríà kí wọ́n tó dé Yola. Láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹnì kan náà ti jẹ́ àlejò ní ilẹ̀ ẹlòmíràn, ó sì ti tún di aláìnílé ní ilẹ̀ tirẹ̀. Orúkọ tí òfin fún un yí padà lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n ebi tí ó ń pa á kò yí padà.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀. Kì í ṣe inú àgọ́ ni èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú wọn wọ̀ sí ní Adamawa, bí kò ṣe ilé ẹbí, ilé ọ̀rẹ́, àti ilé ẹni tí wọn kò mọ̀ rí. Agbo ilé tí ènìyàn mẹ́jọ ń gbé a di ti ogójì. Ẹni tí ó gba àlejò náà ń jẹun ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ kí àlejò lè jẹ. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń wá ogunléndé, kí a má wo àgọ́ nìkan. Kí a wo ilé tí ó gbà wọ́n pẹ̀lú, nítorí ẹni tí ó ń gbé ẹrù ẹlòmíràn fún ọ̀pọ̀ oṣù ń fẹ́ ìrànwọ́ bákan náà.

Olúwa pàṣẹ fún Ísírẹ́lì nínú Léfítíkù 19 pé kí wọ́n fẹ́ àlejò gẹ́gẹ́ bí ara wọn, ìdí tí ó sì fi lélẹ̀ ni pé àwọn pẹ̀lú ti jẹ́ àlejò rí ní Íjíbítì. Àwa tí a ń ka ìwé yìí ní èdè Yorùbá ní ìdí kan náà. Ní nǹkan bí ọdún 1830, àwọn Ẹ̀gbá tí ogun ti tú ìlú wọn ká kó ara wọn jọ sábẹ́ Olúmọ, ibẹ̀ ni Abẹ́òkúta ti bẹ̀rẹ̀. Samuel Àjàyí Crowther, ẹni tí ó léwájú nínú títúmọ̀ Bíbélì sí èdè wa, ọmọdé ni nígbà tí ogun kó o ní Òṣogùn ní ọdún 1821, tí wọ́n sì tà á sí oko ẹrú. Ẹni tí ogun lé kúrò nílé ni ó gbé Ìwé Mímọ́ lé wa lọ́wọ́. Bí a bá wá rí ogunléndé, kí a má rò pé irú wọn kò sí nínú ìran wa.

2. ÀPẸẸRẸ ÁŃTÍÓKÙ

Ẹ ka Ìṣe Àwọn Àpósítélì 11:27-30. Ágábù sọ tẹ́lẹ̀ pé ìyàn yóò mú, ó sì mú ní àkókò Kíláúdíù. Ẹ wo ohun tí àwọn ọmọ-ẹ̀yìn ní Áńtíókù ṣe.

Lọ́nà kìíní, wọ́n pinnu kí ìṣòro náà tó le. Wọn kò dúró di ìgbà tí ẹkún ará Jùdíà bá dé etí wọn. Àwa pẹ̀lú mọ ìgbà tí ebi máa ń mú jù ní agbègbè yìí: láàrin ìgbà tí oúnjẹ ọdún tó kọjá ti tán àti ìgbà tí ti tuntun kò tíì jáde. Ẹ̀bùn tí ó dé ní oṣù Keje lè wúlò ju èyí tí ó dé ní ọjọ́ Kérésìmesì lọ, nígbà tí gbogbo ènìyàn ń kó nǹkan wá.

Lọ́nà kejì, olúkúlùkù fi sílẹ̀ bí agbára rẹ̀ ti mọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó mú ọṣẹ méjì wá kò gbọ́dọ̀ tijú níwájú ẹni tí ó ti jáde tí ó sì mú àpò ìrẹsì wá.

Lọ́nà kẹta, wọ́n fi ránṣẹ́ sí àwọn alàgbà tí ó wà níbẹ̀. Bánábà àti Sọ́ọ̀lù kò dé Jùdíà kí wọ́n máa pín nǹkan fúnra wọn láti ojúlé dé ojúlé. Àwọn tí ń gbé ibẹ̀ ni ó mọ ilé tí ebi ti ń pa ènìyàn jù. Ní Adamawa, jauro àdúgbò wà, pásítọ̀ wà, ìmáàmù wà, aṣáájú àwọn obìnrin wà, àjọ ìpínlẹ̀ tí ó ń rí sí ìṣẹ̀lẹ̀ pàjáwìrì náà sì wà. Kí a kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn.

Lọ́nà kẹrin, ẹni tí a mọ̀ ni ó gbé owó náà, kì í sì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo. Pọ́ọ̀lù kò jẹ́ kí ó bọ́ lọ́wọ́ òun ní ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀. Nínú 1 Kọ́ríńtì 16:3-4 ó ní kí ìjọ fúnra wọn yan àwọn tí yóò gbé ẹ̀bùn náà lọ, nínú 2 Kọ́ríńtì 8:20-21 ó sì ṣàlàyé pé òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ọ̀nà láti fi ẹ̀sùn kan àwọn lórí owó púpọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí àpósítélì bá ń ṣọ́ ara rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, mélòó mélòó ni akápò ìdàpọ̀ wa. Kí a kọ gbogbo ohun tí ó wọlé àti ohun tí ó jáde sílẹ̀, kí ènìyàn méjì fọwọ́ sí i, kí a sì ka ìròyìn rẹ̀ sí etígbọ̀ọ́ gbogbo wa lẹ́yìn tí a bá dé.

3. ÌKÙNSÍNÚ ÀWỌN OPÓ

Nínú Ìṣe 6, ìjọ ń pín oúnjẹ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń gbójú fo àwọn opó tí ń sọ èdè Gíríìkì. Lúùkù kò sọ pé ẹnikẹ́ni mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ó ṣeé ṣe kí àwọn tí ń pín in máa pe àwọn tí wọ́n mọ̀ ni, ní èdè tí wọ́n gbọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń rí títí di òní. Bí gbogbo ẹni tí ó ń pín ẹ̀bùn bá jẹ́ ọkùnrin, wọn kì í rántí páàdì. Bí gbogbo wọn bá ń sọ Hausa nìkan, ìyá arúgbó tí kò gbọ́ ju Kamwe tàbí Margi lọ kò ní mọ ibi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ.

Ẹ wá wo ojútùú tí àwọn àpósítélì mú wá. Wọn kò kàn bẹ̀bẹ̀ kí àwọn opó náà dákẹ́. Wọ́n yan ènìyàn méje, orúkọ Gíríìkì sì ni gbogbo wọn ń jẹ́. Èyí fi hàn pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n gbé agbọ̀n oúnjẹ náà lé àwọn tí ó ń ráhùn lọ́wọ́. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí fún wa. Nínú ìgbìmọ̀ tí yóò pín ẹ̀bùn wa, kí àwọn ogunléndé fúnra wọn wà níbẹ̀, kí obìnrin sì wà níbẹ̀. Nínú ìdàpọ̀ yìí gan-an a ní àwọn arákùnrin àti arábìnrin láti Madagali àti Gwoza. Kí àwọn ni ó ṣáájú wa.

4. KÍ NI KÍ A KÓ LỌ?

Kí a béèrè lọ́wọ́ wọn. Ní ọ̀sẹ̀ méjì kí ọjọ́ tó pé, kí ènìyàn mẹ́ta lọ, kí wọ́n bá àwọn ọkùnrin sọ̀rọ̀, kí àwọn arábìnrin sì bá àwọn obìnrin sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀, nítorí ohun tí obìnrin yóò sọ níwájú ọkọ rẹ̀ lè má jẹ́ gbogbo ohun tí ó ń dà á láàmú.

Àwọn tí ó ń ṣe iṣẹ́ ìrànwọ́ káàkiri ayé ní ìwọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní Sphere, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1997. Ó yẹ kí a mọ díẹ̀ nínú rẹ̀. Ènìyàn kan nílò omi lítà 15, ó kéré jù, lójúmọ́ kan fún mímu, sísè àti fífọ̀. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan kò gbọ́dọ̀ ju ti ènìyàn 20 lọ, ti obìnrin sì gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí ti ọkùnrin. Oúnjẹ òòjọ́ ènìyàn kan jẹ́ nǹkan bí kálórì 2,100.

Ẹ jẹ́ kí a fi omi ṣe ìṣirò. Ibi tí ènìyàn 200 bá wà ń fẹ́ lítà 3,000 lójúmọ́. Omi inú ọ̀rá tí a fẹ́ràn láti máa kó lọ, ogún ọ̀rá ni ó wà nínú àpò kan, ìdajì lítà sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àpò kan jẹ́ lítà 10. Kò tó ènìyàn kan ní ọjọ́ kan. Àpò 300 ni yóò tó wọn lójúmọ́, ọ̀la yóò sì tún mọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ omi kan ti bàjẹ́ níbẹ̀, owó tí a fẹ́ fi ra omi ọ̀rá lè tún un ṣe, kí wọ́n sì máa mu ún fún ọ̀pọ̀ oṣù. Omi mímọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2017, àrùn onígbáméjì jà ní àgọ́ Muna Garage ní Maiduguri, àwọn ènìyàn sì kú.

Oúnjẹ náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Bí a bá gbé àgbàdo fún obìnrin tí kò ní owó ẹ̀rọ, yóò tà nínú rẹ̀ kí ó tó lè lọ ìyókù. Bí a bá gbé ìrẹsì fún un tí kò ní igi ìdáná, inú igbó ni yóò lọ wá a, inú igbó náà sì ni àwọn ajínigbé ti ń dúró de obìnrin. Nítorí náà, kí a ka owó ẹ̀rọ àti ohun ìdáná mọ́ oúnjẹ. Níbi tí ọjà bá ti ń ná dáadáa, owó lè dára ju ẹrù lọ, nítorí olúkúlùkù mọ ohun tí ó kù nínú ilé rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ ẹrù ni, kí a rà á ní ọjà Jimeta níbí, kí a má sanwó ọkọ̀ láti Èkó.

Àwọn ohun tí wọ́n máa ń béèrè jù ni ọṣẹ, páàdì, ìkòkò, ẹní, kẹ́ẹ̀gì, àwọ̀n ẹ̀fọn, àti irúgbìn nígbà tí òjò bá ń bọ̀. Ní ti aṣọ, ìlànà mi rọrùn: aṣọ tí o kò lè wọ̀ lọ sí ilé ìjọsìn, má kó o fún ẹlòmíràn. Mo ti rí ẹgbẹ́ kan tí ó kó bàtà gogoro wá fún àwọn obìnrin tí ń sùn lórí iyẹ̀pẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ nípa ìṣègùn àti iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, iṣẹ́ wà fún yín. Okùn pẹlẹbẹ kan wà tí a fi ń wọn apá ọmọ tí ó ti pé oṣù mẹ́fà títí dé ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Bí ìwọ̀n apá náà kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 11.5, ebi ti wọ ọmọ náà lára gidigidi, kí a má dúró, kí a gbé e lọ sí ibi ìtọ́jú lọ́jọ́ náà gan-an.

5. TA NI KÍ A FÚN?

Mo padà sí ìbéèrè arákùnrin wa. Gálátíà 6:10 ni ọ̀pọ̀ ń gbé lé. Pọ́ọ̀lù ní kí a ṣe oore fún gbogbo ènìyàn, pàápàá fún àwọn ará ilé ìgbàgbọ́. Ẹ kíyè sí i pé "pàápàá" ni ó wà níbẹ̀, kì í ṣe "nìkan". Ó tọ́ kí a rántí àwọn ará EYN àti àwọn ìjọ mìíràn tí wọ́n jó ilé wọn. Bí àwa kò bá rántí wọn, ta ni yóò rántí wọn? Ṣùgbọ́n "gbogbo ènìyàn" ni ó ṣáájú nínú ẹsẹ náà.

Ẹ ka 2 Àwọn Ọba 6. Àwọn ará Síríà ń sọdá ààlà wá kó Ísírẹ́lì lẹ́rù. Olúwa fi wọ́n lé Èlíṣà lọ́wọ́, ọba Ísírẹ́lì sì fẹ́ pa wọ́n. Èlíṣà kọ̀, ó ní kí a gbé oúnjẹ àti omi síwájú wọn. Wọ́n jẹ àsè ńlá, wọ́n lọ sílé, àwọn ẹgbẹ́ ajàlù náà kò sì wá sí ilẹ̀ Ísírẹ́lì mọ́. Mo mọ̀ pé ẹsẹ 24 sọ pé ọba Síríà tún kó gbogbo ogun rẹ̀ dé lẹ́yìn náà. Nítorí náà n kò ní ṣèlérí fún yín pé oúnjẹ tí a bá fún ẹni kan yóò fòpin sí ogun. A kò fún un nítorí èrè. Àṣẹ ni a pa fún wa.

Bẹ́ẹ̀ sì ni Mùsùlùmí tí a ó bá ní àgọ́ kì í ṣe ará Síríà tí ó wá jà wá lógun. Àwọn kan náà tí ó lé wa ni ó lé e. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kọkànlá ọdún 2014, mọ́ṣáláṣí àgbà ní Kano ni wọ́n ju bọ́ǹbù sí nígbà ìrun Jímọ̀. Ìyá tí ó sá láti Gwoza pẹ̀lú hijab ní orí rẹ̀ ti sin ọmọ gẹ́gẹ́ bí ìyá arákùnrin wa ti sin ọmọ.

A kò ní láti lọ jìnnà fún àpẹẹrẹ. Ní Yola níbí, ní ọdún 2014 àti 2015, àwọn pásítọ̀ àti àwọn ìmáàmù jókòó pọ̀ pẹ̀lú Yunifásítì Amẹ́ríkà ti Nàìjíríà nínú ẹgbẹ́ alálàáfíà Adamawa, wọ́n sì jọ ń bọ́ àwọn tí ó wá sá sí ìlú. Bíṣọ́ọ̀bù Stephen Mamza ti ìjọ Kátólíìkì gba ogunléndé sí àgbàlá kàtídírà rẹ̀. Nígbà tí ó sì yá tí ó kọ́lé fún wọn, ó kọ́ mọ́ṣáláṣí fún àwọn Mùsùlùmí tí ó wà láàrin wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ jiyàn lórí mọ́ṣáláṣí náà lè jiyàn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí ó lè sọ pé bíṣọ́ọ̀bù náà fi oúnjẹ ra ọkàn ẹnikẹ́ni.

Ibẹ̀ ni ìkìlọ̀ mi wà. Kí a má sọ pé kí ènìyàn kọ́kọ́ gba ìwé ìléwọ́ tàbí kí ó kọ́kọ́ gbàdúrà ìgbàlà kí ó tó gba ìrẹsì. Ẹni tí ebi ń pa yóò gba ohunkóhun. Ìlànà tí Red Cross àti àwọn ẹgbẹ́ mìíràn fọwọ́ sí ní ọdún 1994 kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n kí ìlànà náà tó wà ni Olúwa wa ti wo adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá sàn, tí ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn padà wá dúpẹ́, tí kò sì gba ìwòsàn náà padà lára àwọn mẹ́sàn-án. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ìdí tí a fi wá, kí a sọ ti Kristi fún un láìtijú. Bí kò bá béèrè, kí a fún un, kí a sì kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

6. KÍ A MÁ DÓJÚ TÌ WỌ́N

Nínú Rúùtù 2:15-16, Bóásì pàṣẹ fún àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ pé kí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fa ọkà sílẹ̀ fún Rúùtù láti ṣà, kí wọ́n má sì bá a wí. Obìnrin àjèjì náà lọ sílé pẹ̀lú oúnjẹ tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣà. Ọ̀wọ̀ nìyẹn. Ní ọdún náà tí mo sọ, mo rí àwọn kan tí ó mú kí àwọn ìyá dúró nínú oòrùn títí ayàwòrán fi dé. Ẹni tí ó ní oko tirẹ̀ ní Michika di ẹni tí a ń nawọ́ àwo sí níwájú kámẹ́rà. Mátíù 6:1-4 ti sọ ohun tí irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ jẹ́. Nítorí náà, kí a má ya ojú ẹnikẹ́ni níbẹ̀, pàápàá ọmọdé, kí a má sì gbé e sí Facebook tàbí WhatsApp. Àwòrán ẹrù tí a kó jọ ti tó fún ìròyìn wa.

Ọ̀rọ̀ ọmọ sì kù. Bí ẹnikẹ́ni nínú wa, tàbí òbí wa, bá sọ pé òun fẹ́ mú ọmọ kan nínú wọn lọ sílé láti ràn án lọ́wọ́, kí a sọ pé rárá. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí a mú lọ bẹ́ẹ̀ di ọmọ ọ̀dọ̀, a kò sì gbúròó wọn mọ́. Ó lè jẹ́ pé ìyá ọmọ náà wà láàyè ní Minawao tí ó ń wá a. Red Cross ní ẹ̀ka tí ó ń wá ẹbí tí ogun tú ká. Àwọn ni kí a fi ọ̀rọ̀ náà tó létí.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin ẹ̀bùn tí Áńtíókù fi ránṣẹ́ àti bí a ti ṣe ti ọdún tó kọjá?
2. Ta ni yóò dúró fún "àwọn opó tí ń sọ èdè Gíríìkì" ní ibi tí a ń lọ? Báwo ni a ó ṣe rí wọn?
3. Ẹ ka Róòmù 12:17-21. Kí ni yóò ná ẹni tí ó ti pàdánù ilé láti gbọ́ràn sí i? Báwo ni àwa tí a kò pàdánù ohunkóhun ṣe lè ràn án lọ́wọ́?
4. Àwọn wo nínú àdúgbò wa ni wọ́n gba ogunléndé sílé? Kí ni wọ́n ń fẹ́?

KÓKÓ ÀDÚRÀ

Ẹ gbàdúrà fún àwọn tí ó ṣì wà ní Minawao, tí wọ́n ń fẹ́ padà wálé, kí ọ̀nà wọn ó là, kí ilé wọn sì jẹ́ ibi tí ènìyàn lè sùn láìfòyà. Ẹ gbàdúrà fún àwọn onílé tí ó gba àlejò tí ó sì ti rẹ̀ wọ́n. Ẹ gbàdúrà fún àwọn arákùnrin àti arábìnrin wa tí ọgbẹ́ wọn kò tíì jinná, kí Olúwa fúnra rẹ̀ wẹ̀ ẹ́. Ẹ sì gbàdúrà fún ìgbìmọ̀ wa, kí ọwọ́ wọn mọ́, kí ojú wọn sì rí ẹni tí ó jókòó sẹ́yìn.